Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Agùdà tí ìsàlẹ̀ ògiri rẹ̀ ń bó ní Àjàṣẹ́: ṣé kí a wó o ni?

Arábìnrin kan kọ̀wé láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ilẹ̀ Benin pé bàbá ńlá òun, tí ó jẹ́ Agùdà, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ti Bràsíìlì padà wálé àti àwọn ọmọ wọn, fi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníbíríkì kan sílẹ̀ fún ẹbí, àti pé ìsàlẹ̀ ògiri ilé náà ń bó lọ́dọọdún bí òjò bá ti rọ̀ tán. Wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó sì tún ń já bọ́. Bíríkìlà tí wọ́n pè sọ pé amọ̀ lásán ni ilé náà, pé kí wọ́n wó o, kí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn. Àwọn àgbà kan nínú ẹbí fara mọ́ ọ̀rọ̀ yìí, àwọn mìíràn kò sì gbà. Ohun tí arábìnrin náà ń béèrè ni pé: kí ni wọ́n fi kọ́ ilé náà gan-an, kí ló dé tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi ń bó, ṣé ó sì di dandan kí wọ́n wó o?

Arábìnrin mi, ẹ kú àmójútó ilé bàbá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè tí ó kẹ́yìn, nítorí òun ni àwọn àgbà yín ń dúró dè. Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ, àti nínú àwọn àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́, n kò rí ohun kankan tí ó ní kí ẹ wó ilé náà. Ilé tí a ti dí ọ̀nà tí omi ń gbà jáde lára rẹ̀ ni mo rí, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tí wọ́n kọ́ ọ fi ọgbọ́n púpọ̀ ṣe ọ̀nà náà. Bí ẹ bá mọ bí wọ́n ṣe ṣe é, ẹ ó mọ ibi tí ó ti dí, iṣẹ́ àtúnṣe yóò sì yé ẹ̀yin àti bíríkìlà yín.

Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n wà lóko ẹrú ní ìlú Salvador ní Bahia, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Nàgó, dìde sí àwọn tí ó ni wọ́n. Ìjọba ṣẹ́gun wọn, ó lé àwọn kan kúrò nílùú, ó sì ni àwọn tó kù lára tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ti ra ara wọn padà fi wọkọ̀ wá sí etíkun wa, sí Èkó, Àjàṣẹ́, Ouidah àti Agoué. Àwọn mìíràn ṣì ń dé lẹ́yìn ọdún 1888 tí Bràsíìlì fòpin sí oko ẹrú. Àwọn wọ̀nyí àti àwọn ọmọ wọn ni à ń pè ní Agùdà. Púpọ̀ nínú wọn ló ti kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lọ́hùn-ún, wọ́n jẹ́ bíríkìlà, káfíńtà, alágbẹ̀dẹ àti aránṣọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún yín pé òyìnbó Pọtogí ló kọ́ irú ilé yìí kò sọ òótọ́. Ọwọ́ àwọn ènìyàn wa ni, tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ nínú ìnira, tí wọ́n sì gbé e padà wá sílé. Ní Èkó, João Baptista da Costa tí ó jẹ́ ọ̀gá bíríkìlà Agùdà ni orúkọ rẹ̀ so mọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894. Ní Àjàṣẹ́ tiwa, ẹni tí ó bá dúró níwájú Mọ́ṣáláṣí Ńlá àtijọ́ yóò rí ojú ṣọ́ọ̀ṣì Bahia lára rẹ̀ kedere, pẹ̀lú ilé ìṣọ́ méjì lápá ọ̀tún àti lápá òsì, àwọn ọwọ̀n tí wọ́n fi ìrẹ́ yọ sára ògiri, àti àwọn àwọ̀ tí ó tàn. Mùsùlùmí ni wọ́n, ṣùgbọ́n irú ilé tí ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa ni wọ́n fi yin Ọlọ́run. Ojú mi kì í fẹ́ kúrò lára ilé náà rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wá wọ inú ilé tiyín. Ilẹ̀kùn ńlá wà ní àárín gbùngbùn iwájú ilé, fèrèsé tí ó wà lápá ọ̀tún sì bá èyí tí ó wà lápá òsì mu ní iye àti ní ìwọ̀n. Bí ẹ bá wọlé láti ojú títì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan lọ tààrà títí dé àgbàlá lẹ́yìn, yàrá sì wà lápá méjèèjì. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń tajà tàbí kó ẹrù sí, òkè ni ẹbí ń gbé. Ilé ìdáná wà lọ́tọ̀ nínú àgbàlá, kí èéfín àti iná má bàa dé ara igi òkè. Àjà ga, bẹ́ẹ̀ ni fèrèsé ga, ó sì ní ìlẹ̀kùn onípákó wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà láàárín wọn kọjá bí a tilẹ̀ tì í nítorí oòrùn. Àwọn ènìyàn a máa rò pé ẹwà nìkan ni wọ́n ń wá. Ẹwà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ètò yìí ń ṣe: afẹ́fẹ́ láti ojú ọ̀sà ń wọlé láti ẹnu ọ̀nà iwájú, ó ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ jáde sí àgbàlá, ó ń fa ooru àti ọ̀rinrin inú yàrá lọ́wọ́ bí ó ti ń lọ. Ní ìlú tí òjò ń rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, láti oṣù kẹrin sí oṣù keje àti láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kọkànlá, ilé tí kò bá ní irú ọ̀nà afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í gbẹ tán kí òjò mìíràn tó dé.

Ní ti ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, bíríkìlà yín sọ ìdajì òótọ́. Ilẹ̀ pupa tí Àjàṣẹ́ jókòó lé lórí ni ìyá gbogbo ilé àtijọ́ níbẹ̀. Àwọn kan fi ilẹ̀ náà mọ ògiri ní ìpele-ìpele, àwọn kan bu ú sínú àpótí ìmọ̀ bíríkì, wọ́n sì sá a sóòrùn, àwọn kan sì sun bíríkì náà nínú iná kí ó le. Sísun bíríkì ń jẹ igi àti owó púpọ̀. Kò ṣọ̀wọ́n nítorí náà láti rí ilé kan tí wọ́n fi bíríkì sísun ṣe ìpìlẹ̀, igun ilé, ọwọ̀n, àti etí ilẹ̀kùn òun fèrèsé, tí wọ́n sì fi bíríkì àìsun kún ìyókù. Mo gbàgbọ́ pé bẹ́ẹ̀ ni tiyín rí, nítorí pé àwòrán yín fi pupa líle hàn lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó sì fi amọ̀ tí ń rún hàn láàárín ògiri. Ẹ lè fúnra yín dán an wò. Ẹ mú àfọ́kù kan láti ibi kọ̀ọ̀kan tí ó ti já bọ́, ẹ sọ wọ́n sínú garawa omi, kí ẹ sì fi wọ́n síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bíríkì àìsun yóò ti yọ́ di ẹrẹ̀, bíríkì sísun yóò wà bí ó ṣe wà. Ẹ kọ ibi tí ẹ ti mú ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ sì ya àwòrán ògiri náà sórí bébà, nítorí ohun tí a ó lò láti tún apá kan ṣe yàtọ̀ sí ti èkejì.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ náà, «amọ̀», dẹ́rù bà yín. Ògiri amọ̀ ilé bẹ́ẹ̀ a máa nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 40 sí 60, nígbà tí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ jẹ́ 15 tàbí 20. Ìnípọn yìí ni kì í jẹ́ kí ooru ọ̀sán wọlé kíákíá. Ìyẹn ni ìdí tí ìyá àgbà yín fi lè sùn lọ́sàn-án nínú yàrá ìsàlẹ̀ láìsí fáànù, bí ẹ ṣe sọ nínú lẹ́tà yín. Ilé tí ó ti gbé ẹbí láti ìran dé ìran kò sì tún nílò láti mú ẹ̀rí kankan wá pé òun lágbára.

Ìdí tí ìsàlẹ̀ fi ń bó ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, kí ẹ sì kà á sétí àwọn àgbà yín. Bíríkì, ì báà jẹ́ sísun tàbí àìsun, kún fún ihò wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí. Ó ń fa omi inú ilẹ̀ sókè bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Kò sí bí wọn ìbá ti ṣe dá èyí dúró nígbà náà, àwọn ọ̀gá Agùdà kò sì gbìyànjú láti dá a dúró. Wọ́n jẹ́ kí omi gòkè díẹ̀, wọ́n sì jẹ́ kí ó gba ojú ògiri jáde sí afẹ́fẹ́. Ohun tí ó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe ni ìrẹ́ tí wọ́n fi bo ògiri, èyí tí wọ́n fi ẹfun ìkarahun àti yanrìn pò. Wọ́n ń kó ìkarahun láti inú ọ̀sà, wọ́n ń sun ún títí yóò fi di ẹfun gbígbóná, wọ́n sì ń bu omi pa á. Àwọn tí ń sọ Faransé ń pè é ní chaux, irú èyí tí wọ́n fi òkúta ṣe sì ń bẹ nínú àpò lọ́jà títí di òní. Bí ẹfun yìí bá wà lára ògiri, ó ń fa nǹkan kan padà láti inú afẹ́fẹ́, ó sì ń di òkúta díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n òkúta tí ó ṣì ní ihò tí èémí ọ̀rinrin lè gbà kọjá ni. Ó tún rọ̀ ju bíríkì lọ. Bí ilé bá yẹ̀ díẹ̀, tàbí tí iyọ̀ bá fẹ́ ba nǹkan jẹ́, ìrẹ́ ni yóò kọ́kọ́ jìyà, a ó sì tún un ṣe, ògiri yóò wà láìfarapa.

Sìmẹ́ǹtì ń ṣe òdì kejì gbogbo èyí. Ó le ju bíríkì àtijọ́ lọ fíìfíì, èémí ọ̀rinrin kò sì fi bẹ́ẹ̀ rí i gbà kọjá. Nígbà tí ẹ fi rẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri, omi tí ó ń gòkè láti inú ilẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde mọ́, ó sì ń gòkè sí i lẹ́yìn ìrẹ́ náà títí yóò fi dé ibi tí sìmẹ́ǹtì parí sí. Ẹ ó rí i pé ìlà ọ̀rinrin inú ilé yín ti ga ju bí ó ti wà nígbà èwe yín lọ, ẹ bi àwọn àgbà léèrè. Omi ń gbé iyọ̀ inú ilẹ̀ dání. Níbi tí omi bá ti gbẹ, iyọ̀ a kù, a di wóró, a máa fẹ̀ nínú àwọn ihò wẹ́wẹ́, a sì máa ti ojú bíríkì síta. Iyọ̀ yìí ni funfun tí ẹ pè ní ẹfun nínú lẹ́tà yín, tí ó ń yọ lára ògiri ní oṣù kejìlá. Láàárín àkókò yìí, amọ̀ tí ó wà lẹ́yìn sìmẹ́ǹtì ti rọ̀, ìrẹ́ sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ kò rí ohun tí yóò dì mú, ó sì já bọ́ lódindi pẹ̀lú ojú ògiri lẹ́yìn rẹ̀. Bíríkìlà wá rí ẹrẹ̀, ó ní amọ̀ ló ṣẹ̀. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá tún sìmẹ́ǹtì rẹ́ síbẹ̀ ni ẹ ń sọ ògiri náà di fífẹ́lẹ́ sí i.

Sìmẹ́ǹtì kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ kan ṣoṣo tí ó wà níbẹ̀ o. Nínú àwòrán yín, ojú títì iwájú ilé ti ga ju ẹnu ọ̀nà yín lọ, nítorí pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún títì ṣe ni wọ́n ń kó yẹ̀pẹ̀ tàbí òkúta pélébé lé e. Ọ̀gbàrá tí ó ń lọ sísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti wá ń dúró lẹ́bàá ògiri. Páànù òrùlé kò ní gọ́tà, etí rẹ̀ sì kúrú, omi rẹ̀ ń dà sílẹ̀ gẹ́rẹ́, ó sì ń ta padà sára ìsàlẹ̀ ògiri. Ẹ tún sọ pé ẹ ti fi táìlì tẹ́ gbogbo yàrá ìsàlẹ̀. Ilẹ̀ inú yàrá náà ni ọ̀rinrin ń gbà jáde tẹ́lẹ̀. Nígbà tí táìlì bò ó, ògiri nìkan ni ó kù fún ọ̀rinrin láti gbà. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé ẹ ti fi búlọ́ọ̀kù dí ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní apá àgbàlá kí àbúrò yín lè rí yàrá. Mo mọ̀ pé àyè ṣọ̀wọ́n nínú agbo ilé, n kò sì ní bínú sí ẹni tó wá ibi sùn, ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni ọ̀nà ọ̀fun ilé náà.

Iṣẹ́ náà, ìta ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi gọ́tà sí etí òrùlé, kí ẹ sì darí omi rẹ̀ jìnnà sí ìpìlẹ̀. Ẹ wa ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ògiri kúrò títí yóò fi wà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 nísàlẹ̀ ilẹ̀ inú ilé, kí ó sì dagẹ̀rẹ̀ sí ìta. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbẹ́ kòtò jíjìn sí ẹsẹ̀ ògiri, nítorí pé ìpìlẹ̀ ilé àtijọ́ kì í sábà jìn, ògiri lè yẹ̀. Ẹ ṣí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe lọ́gán, ẹ fi fèrèsé tàbí búlọ́ọ̀kù oníhò rọ́pò òkè ògiri tí ẹ fi dí i. Bí àwọn àgbà yín kò bá gbà ju ohun kan lọ lọ́dún yìí, kí ó jẹ́ ti gọ́tà.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ yọ sìmẹ́ǹtì. Ẹ fi igi kékeré lu ìrẹ́ jẹ́jẹ́ káàkiri. Ibi tí ó bá ń dún bí ohun tó ṣófo ti ṣí kúrò lára ògiri, ẹ yọ ọ́ pẹ̀lú òòlù kékeré àti síṣẹ́lì tẹ́ẹ́rẹ́. Ibi tí ó bá dì mọ́ bíríkì gbọn-in, ẹ fi í sílẹ̀ ná, nítorí pé bí ẹ bá fi tipátipá fà á, ojú bíríkì yóò bá a lọ. Ẹ jẹ́ kí ògiri wà ní ìhòòhò fún ẹ̀ẹ̀rùn kan. Ó máa ń ṣòro fún ẹbí láti gba èyí, torí pé ilé náà kò ní dára lójú, àwọn aládùúgbò yóò sì máa sọ̀rọ̀. Ẹ fara dà á. Máa fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá iyọ̀ tí ó bá yọ dànù, má ṣe fi omi fọ̀ ọ́, nítorí omi yóò dá iyọ̀ náà padà sínú ògiri.

Níbi tí bíríkì ti jẹ tán, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní apá kékeré-kékeré tí kò ní gùn tó mítà kan, kí apá kan sì le kí ẹ tó ṣí èkejì. Bíríkì àìsun ni kí ẹ fi rọ́pò bíríkì àìsun, kí ẹ fi ilẹ̀ pupa kan náà mọ ọ́n. Amọ̀ tí a fi ẹfun díẹ̀ pò ni kí ẹ fi dè é. Fún bíríkì sísun, òṣùwọ̀n ẹfun kan sí yanrìn mẹ́ta ni ó dára, láìsí sìmẹ́ǹtì nínú rẹ̀. Ìwọ̀n kan náà ni ẹ lè fi rẹ́ ògiri náà, ní ìpele mẹ́ta tí kò nípọn, kí ẹ sì wọ́n omi sí ògiri kí ẹ tó fi ìpele kọ̀ọ̀kan lé e. Ẹ ṣọ́ra fún àpò ẹfun tí ó ti ya tàbí tí ó ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí ó wọ inú rẹ̀ ti sọ ọ́ di ẹfun lásán tí kò ní dì mọ́. Ẹ fi omi pò ó di àpòpọ̀ kí ẹ tó lò ó, kí ẹ sì jẹ́ kí ó wà nínú omi bẹ́ẹ̀ pẹ́ tó bí ẹ bá ti lè ní sùúrù tó. Ẹfun ń jó awọ, ó sì ń fọ́ ojú, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọdé sún mọ́ ọn, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì wọ ìbọ̀wọ́ àti ìbòjú. Ẹ má fi ọ̀dà olóròóró tàbí ọ̀dà onírọ́bà kùn ún ní ìkẹyìn, nítorí iṣẹ́ tí sìmẹ́ǹtì ń ṣe ni wọ́n tún máa ń ṣe. Omi ẹfun tí a fi ilẹ̀ aláwọ̀ pò, pupa rúsúrúsú tàbí òféfèé bí ti àwọn ilé Agùdà tó yí yín ká, ni yóò bá a mu. Iṣẹ́ ọnà orí fèrèsé àti ilẹ̀kùn tí ìrẹ́ sìmẹ́ǹtì kò tíì dé, ẹ má fọwọ́ kàn án àfi bí ẹ bá rí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe.

Kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú iṣẹ́ ògiri, kí káfíńtà gun òkè lọ wo orí igi àjà níbi tí ó ti wọ inú ògiri. Ibẹ̀ ni ọ̀rinrin àti ikán ń pàdé, ojú kì í sì í tètè rí i. Igi ìrókò máa ń dúró pẹ́, ṣùgbọ́n kò sí igi tí kò ní jẹrà bí ògiri tó yí i ká kò bá gbẹ. Fún ibi tí ògiri ti là lókè fèrèsé kejì nínú àwòrán yín, ẹ fi ìrẹ́ díẹ̀ bò ó láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i lára. Bí ìrẹ́ náà bá là lẹ́yìn òjò, ilé náà ṣì ń yẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ pe onímọ̀ kí ẹ tó lo owó kankan síbòmíràn. Bí ògiri bá yọ gọ̀ǹgọ̀ síta, tàbí tí ilẹ̀ òkè bá ń tẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ẹ kó àwọn ènìyàn kúrò lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Èyí nìkan ni ohun tí yóò mú kí n yí ọ̀rọ̀ mi padà nípa wíwó, apá tí ó bá kàn nìkan sì ni.

Àwọn àgbà tí wọ́n ń fẹ́ búlọ́ọ̀kù lè fẹ́ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó. Ilé Agùdà kan wà ní Tinúubú tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1855, tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Ilojo Bar. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní ọdún 1956, síbẹ̀ wọ́n wó o ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016. Ìwé ìjọba kò gbà á là nígbà tí ìpinnu àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ yí padà. Ní Àjàṣẹ́, ẹ láǹfààní tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní: École du Patrimoine Africain, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1998 láti kọ́ àwọn ènìyàn ní àbójútó ohun àjogúnbá, wà láàárín ìlú yín. Ẹ lọ bá wọn, kí wọ́n tọ́ka yín sí bíríkìlà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ ẹfun. Ẹ mú àwòrán ògiri tí ẹ yà àti àfọ́kù bíríkì inú garawa dání.

Ní ti àkókò, ẹ ṣe iṣẹ́ gọ́tà àti ilẹ̀ ìta nísinsìnyí kí òjò ńlá tó dé. Ẹ yọ sìmẹ́ǹtì ní ìparí oṣù kọkànlá, kí ògiri gbẹ nígbà ọyẹ́. Ọyẹ́ dára fún ògiri ìhòòhò, ṣùgbọ́n kò dára fún ìrẹ́ tútù, torí pé ẹfun tí ó bá gbẹ kíákíá kì í le, lẹ́búlẹ́bú ni yóò máa bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ kọjá kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Kí àwọn òṣìṣẹ́ fi àpò tí wọ́n rẹ sínú omi bo ojú ògiri fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí ẹfun bá ti rí ọ̀sẹ̀ mélòó kan bẹ́ẹ̀ kí òjò oṣù kẹrin tó bẹ̀rẹ̀, òjò náà kò ní lè wẹ̀ ẹ́ dànù.